Ogójì Àpáàdì Iná

Ìkòkò mẹ́fà ni mo kà ní abúlé Nyachipere. Mo yí ká, mo tún un kà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Mẹ́fà náà ni.

Èèyàn igba ó lé mẹ́rìnlá ló sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìjì líle tó ti orí òkun wá, odò Shire kún dé ẹnu ọ̀nà wọn, ó sì gbé ilé wọn lọ. Wọ́n wá kó jọ sórí ilẹ̀ gíga tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń sùn lábẹ́ ẹní, lábẹ́ aṣọ, lábẹ́ páànù tí wọ́n fà yọ nínú ẹrẹ̀. Iṣẹ́ tí àjọ kan gbà mí fún ni pé kí n bi ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ohun tí kò ní mọ́, kí n kọ ọ́ sínú fóònù, kí mọ́tò tó wá gbé mi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ìdílé kan, ẹrù kan: tapólì, ọkọ́, irúgbìn ọkà bàbà, ìkòkò. Àwọn tó bá ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni fọ́ọ̀mù náà ń pè ní ìdílé. Fóònù kò sì ní jẹ́ kí ìbéèrè kejì ṣí títí wàá fi ya àwòrán iná ìdílé yẹn, pẹ̀lú ìkòkò lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ní Bangula, èmi ni mo yìn ín jù. Èèyàn lè parọ́ iye ọmọ, ó lè yá ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ìkòkò nsima, òkèlè àgbàdo wa, tó ń hó parọ́? Ó dà bí ìṣirò tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè ju ẹyọ kan lọ, irú èyí tí mo máa ń wá kiri nínú ìwé ìròyìn àtijọ́.

Falesi ló ń darí ìdáná níbẹ̀, obìnrin gìrìpá kan tó fi aṣọ dúdú di orí. Ó wò mí bí mo ṣe ń ti ibi ìkòkò kan bọ́ sí òmíràn.

“Akọ̀wé, ṣé ìkòkò lo wá kà ni àbí èèyàn?”

“Èèyàn ni, Màmá. Ìkòkò ló máa sọ iye wọn fún mi.”

“Ó dáa. Bá mi bi í bóyá ebi ń pa òun náà.”

Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi ti ń gbóná. Ìkòkò mẹ́fà, ẹrù mẹ́fà, fún igba èèyàn ó lé mẹ́rìnlá. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ìkòkò náà dáadáa. Wọ́n tóbi, ọmọ ọdún márùn-ún lè jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìkòkò ọ̀fọ̀ ni wọ́n.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ní abúlé ìyá mi, ní òdìkejì odò, bákan náà ni wọ́n ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá kú, gbogbo ilé á pa iná tiwọn, ìdí iná ọ̀fọ̀ nìkan ni gbogbo abúlé á ti máa jẹun títí ọ̀fọ̀ á fi parí. Ṣùgbọ́n ìdánwò ni mo ń ṣe ní yunifásítì ní Zomba nígbà tí ìyá mi kú. Nígbà tí mo fi máa délé, kálukú ti padà sídìí iná rẹ̀. Kò sí ibi tí mo lè jókòó sí.

Mo lọ bá Baálẹ̀ Fombe. Bàbá arúgbó ni, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù fún un látìgbà tí omi ti dé, ó sì ń wọ ẹyọ kan náà lójoojúmọ́. Ó ní ilé mọ́kànlélógójì ni Nyachipere. Ó dárúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo ìwé. Ó ní èèyàn mẹ́ta ni omi gbé. Ọmọdébìnrin kan, wọ́n ti rí i sin. Ọkọ Falesi, wọ́n ti rí i sin. Ẹnì kẹta ni Luwisi apẹja. Luwisi ló fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n rẹ̀ kó àwọn èèyàn kúrò lórí òkìtì ọ̀gán tí wọ́n sá gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ tó bọ̀. Nígbà kẹrin, ọkọ Falesi ló lọ gbé. Ní ti Luwisi, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, ó dojú dé nínú èèsún.

“Ṣùgbọ́n ìyá Luwisi ní ọmọ òun ò kú,” ni Baálẹ̀ wí. “Ẹbí òkú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá jẹ òkèlè kan nínú ìkòkò ọ̀fọ̀ ká tó lè pa iná. Falesi ti jẹ. Bàbá ọmọ yẹn ti jẹ. Ìyá Luwisi ò wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò lọ lẹ́ẹ̀kẹta.”

Mo gun òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá, mo pe ọ̀gá mi, Màdáàmù Khembo. Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi dópin, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ní ibi kan tí àwọn ti kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n kọ orúkọ ìdílé ọgọ́rin tí kò sí láyé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi àwòrán iná sí i.

“Ohun tí o bá rí ni kí o kọ, Mateyu. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹrù, kó dáná.”

Nígbà tí mo sọ èyí fún Baálẹ̀, ó wojú mi títí. Ó bi mí bóyá mo rò pé òun á dáná tòun nígbà tí òkú ṣì wà lórí omi, bóyá ajá ni òun. Ó wá rọra sọ pé kí èmi lọ bá ìyá náà. Àjèjì ni mí. Bóyá á gbọ́ tèmi.

Ìṣísẹ̀ irínwó ó lé mẹ́wàá ni láti ilé ẹ̀kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kà á. Òun nìkan ló ṣì wà ní ibi tí abúlé wà tẹ́lẹ̀, lórí òkìtì ọ̀gán kan tí omi kò bò tán, lábẹ́ ẹní tó fi igi mẹ́rin gbé sókè. Òkúta mẹ́ta, iná, ìkòkò kékeré kan. Àjẹ̀ kan dúró ti igi. Ajá pupa kan dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ káàsán o, Ìyá.”

“Káàsán. Ta lo wá kí?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Èmi nìkan kọ́ ló ń gbé ibí.” Ó ń bó gbòǹgbò òṣíbàtà tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, nyika tí gbogbo wa ń hú nínú àbàtà bí ebi bá dé. Kò gbójú sókè. “A kì í kí ẹnì kan nílé ká fi ẹnì kan sílẹ̀. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ níléèwé ni?”

Mo mọ̀ pé ó ń fẹ́ kí n béèrè ọmọ rẹ̀. Dípò rẹ̀, mo yọ fóònù, mo bi í ní ìbéèrè tí wọ́n rán mi: ẹni mélòó ló jẹ nínú ìkòkò yìí lónìí?

“Méjì.”

Àwo tánganran méjì wà lórí ẹní. Ọ̀kan ti ṣófo. Nsima tó wà nínú ìkejì ti gbẹ lójú. Mi ò tẹ nọ́ńbà kankan. Mo ti fóònù náà pa, ó sì mọ̀ pé mi ò kọ ọ́.

“Wọ́n ní kó o wá bẹ̀ mí kí n jẹ oúnjẹ wọn.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́: ìkòkò mẹ́fà, ilé mọ́kànlélógójì, mọ́tò ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, irúgbìn tó gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Ó ń bó nyika lọ. Nígbà tí mo parí, ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ sinmi.

“Gbogbo wọn ti dẹ́kun àtimáa retí rẹ̀. Tí èmi náà bá jẹ òkèlè yẹn, ta ló kù tó máa retí ọmọ mi?”

Mo dìde, mo padà, mo ka ìṣísẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi mẹ́tàlá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní Ọjọ́rú, mo jókòó sórí àga ọmọdé nínú kíláàsì, mo ń yí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń yí ọmọ ayò lọ́wọ́. Bí ọ̀fọ̀ kò bá parí, kò sí iná ilé. Bí kò bá sí iná ilé, kò sí àwòrán. Bí ìyá yẹn kò bá jẹ, ọ̀fọ̀ kò ní parí. Mi ò sì fẹ́ kó jẹ mọ́. Ilẹ̀kùn mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ tì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ẹ̀yìn. Tí ọ̀fọ̀ bá parí lóòótọ́, níbo ni iná tuntun ti ń wá?

Mo lọ bi Baálẹ̀. Ó ní láti ilé tí kò ṣọ̀fọ̀ ni. Obìnrin ilé kọ̀ọ̀kan á mú àpáàdì lọ, á kí ará ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ, onílé á sì bu ẹyin iná fún un. Mo bi í bóyá ìwà burúkú ni kéèyàn lọ bu irú iná bẹ́ẹ̀ kí ọ̀fọ̀ tó parí, kó fi se omi fún àárọ̀ kan péré, kó sì jẹ́ kó kú.

“Rárá. Iná tí a kò bá fúnra wa dá, iná ẹlòmíràn ni. A kàn yá a ni.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń ṣọ̀fọ̀, Mateyu. Ilé wo ni kò sí—”

Ó yíjú sí apá ibi tí èéfín tín-ín-rín kan ti ń gòkè láàárín omi.

“A gbọ́dọ̀ béèrè Luwisi lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Gbogbo wa. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Falesi náà.”

Ó yọ bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo, ó gbọn ẹrẹ̀ inú rẹ̀ dànù, ó tún un wọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Baálẹ̀ ló ṣíwájú, ogójì obìnrin tò tẹ̀ lé e, kálukú pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́. Àwọn tí kò rí àpáàdì mú agolo, ẹnì kan mú ìdérí ìkòkò. Ìyá Luwisi rí wa látòkèèrè. Kò dìde. Baálẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó rọra pàtẹ́wọ́ bí a ṣe ń kí àgbà.

“Ìyá Luwisi, iná la wá yá.”

“Tiyín ńkọ́?”

“Iná òkú ni tiwa. Tìrẹ nìkan ló kù tó jẹ́ iná ilé.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí igi ìdáná. “Ta lẹ wá kí?”

“Ìwọ ni.” Bàbá náà wo àjẹ̀ tó dúró ti igi. “Luwisi ńkọ́?”

“Ó lọ sódò.”

“Kó bọ̀ ire.”

Ó yẹra. Obìnrin àkọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó na àpáàdì. Luwisi ńkọ́? Ó lọ sódò. Kó bọ̀ ire. Ìyá náà fi igi gbé ẹyin iná sínú rẹ̀. Ẹnì kejì. Ẹnì kẹta. Kò yára, kò sì yí ìdáhùn padà. Bí iná bá fẹ́ rẹlẹ̀, á ti igi sí i, gbogbo èèyàn á dúró. Falesi ló gbẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀, ó gbé àpáàdì rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni ọkọ rẹ̀ àti Luwisi wà, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ òkú ọkọ rẹ̀. Mo rò pé á dìde lọ.

“Luwisi ńkọ́?” ló wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

“Ó lọ sódò, Falesi.”

“Kó bọ̀ ire.”

Falesi gbé àpáàdì rẹ̀, ó nà án. Ìyá náà di ọwọ́ yẹn mú kó tó bu iná sí i.

Láàárín wákàtí kan, èéfín ogójì ti ń gòkè lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Mo sáré láti orí iná kan sí òmíràn. Garawa ni àwọn kan gbé ka iná, àwọn kan gbé agolo òróró. Obìnrin kan ní kí n ya garawa òun láti ẹ̀gbẹ́ tí kò jó, torí pé àwọn ọ̀gá àjọ ní Bulọ́ńtáyà máa wò ó. Mo ya àwòrán ogójì, mo béèrè ìbéèrè ogójì, fóònù náà sì gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìjiyàn.

Nígbà tí mo padà dé òkìtì ọ̀gán náà, oòrùn ti ga. Ìyá Luwisi ti bu oúnjẹ sínú àwo méjì. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Luwisi ńkọ́?”

“Ó lọ sódò.” Ó ti àwo kejì sọ́dọ̀ mi. “Jókòó. Lójoojúmọ́ ni oúnjẹ yìí ń tutù, ajá ló ń jẹ ẹ́.”

Mo jókòó. Mo jẹ nyika náà, ó korò díẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà mo ya àwòrán iná rẹ̀. Ìbéèrè kejì ṣí: ẹni mélòó ló jẹ nínú ìkòkò yìí lónìí?

“Kí lo kọ síbẹ̀?”

“Méjì, Ìyá.”

Ó mi orí. Ó gba àwo náà lọ́wọ́ mi, ó fi omi ṣàn án, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó mọ ẹni tí mo kà mọ́ ọn, Luwisi ni àbí èmi. N kò bi í.

Mọ́tò dé ní ọ̀sán. Bí ó ṣe ń yí padà nínú ẹrẹ̀, mo wẹ̀yìn. Àwọn obìnrin ti jẹ́ kí iná tí wọ́n yá kú, wọ́n ti padà sídìí ìkòkò mẹ́fà wọn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èéfín, nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ kan, wọ́n nípọn, wọ́n wọnú ara wọn. Ẹyọ kan wà lọ́tọ̀ lójú omi. Òun ni mo ń wò títí igi fi bò ó.