Àyọ̀ká Kò Padà Sílé

Gbọ̀ngàn ìdánwò ilé-ìwé wa ni mo bá ara mi, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ti di irin. Irin dúdú ni, ó ga débi pé mi ò rí òkè rẹ̀. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: odi ìlú inú ìwé kan tí mo ti kà ni, ìlú tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ṣọ́ odi títí wọn á fi kú. Kò sí fèrèsé kankan, síbẹ̀ oòrùn ọ̀sán gangan ń ràn nínú ibẹ̀. Gbogbo tábìlì ló wà níbi tó yẹ kó wà, àmọ́ kò sí bébà ìdánwò lórí wọn. Ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì bó ni wọ́n dà sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sórí àga olùṣọ́ ìdánwò. Ó ti pé oṣù méjì tí wọ́n ti kú. Wọ́n ró ìró aláró wọn tó ti ṣá, wọ́n gbé àwo lé itan, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí bí wọ́n ṣe máa ń bó o: àtàǹpàkò á tẹ̀ ẹ́, èèpo á dún kẹ́, ọmọ á bọ́ sínú àwo. Wọn kò gbójú sókè.

“Àwẹ̀ró, o pẹ́.”

Oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí. Ó yẹ kí inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Inú ló bí mi.

“Ẹ̀yin ni ẹ ò dúró dè mí, Màmá.”

“Ìwé wà níwájú ẹ. Jókòó, kó o kà á fún mi.”

“Ẹ ti kú.”

“Mo mọ̀ pé mo ti kú. Ṣé ìyẹn ló ní kó o má kàwé fún mi?”

Ìwé náà ni ìkẹta nínú mẹ́ta tí a jọ kà. Màmá kò gbọ́ òyìnbó. Nígbàkigbà tí mo bá ti ilé-ìwé tí mò ń gbé dé fún ìsinmi, èmi á máa ka òyìnbó sínú, màá máa sọ Yorùbá síta, àwọn á máa bó ẹ̀gúsí. Véra ni ọmọbìnrin inú ìwé ń jẹ́. Màmá ní ẹnu àwọn ò gba ìyẹn, wọ́n sọ ọ́ ní Àyọ̀ká. Wọ́n ní ọmọ tí kò ní oríkì, kí ni wọ́n á fi tù ú nígbà tí inú bá bí i?

Àwọn àgbà ìlú inú ìwé náà ni Màmá máa ń bá jà. “Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún gbé ọ̀kọ̀, àwọn onírùngbọ̀n jókòó sábẹ́ òrùlé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé wọn ò ní ọjà níbẹ̀ ni?” Màá sọ fún wọn pé bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn, ọmọdé ló ń gba ìlú là. Wọ́n á ní ìlú tó bá ń dúró de ọmọdé kó tó là, kó yáa parẹ́.

Ìsinmi Àjíǹde tó kọjá ni a ka ìkẹta. Ikọ́ ti ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ Màmá lẹ́nu nígbà yẹn. Mo ti sáré yọjú wo òpin ìwé, mo sì ti rí i pé Àyọ̀ká kú sí ẹnu odi. Nígbà tí a débẹ̀, mo wo ọrùn Màmá bó ṣe tín-ín-rín, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní ó padà sílé. Mo ní ìyá rẹ̀ gúnyán dè é.

“Ọbẹ̀ wo ló fi jẹ ẹ́?”

“Ẹ̀gúsí ni,” mo wí.

Wọ́n wò mí, wọ́n ní ó dáa.

Mo padà lọ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ní Sátidé kan, bàbá mi wá kí mi, wọ́n gbé gaàrí àti ẹran díndín wá. Mo béèrè Màmá. Bàbá ní, “Ara wọn ti ń yá.” Ó ti pé ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n ti sin Màmá. Gbogbo ẹbí ló fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ fún mi títí màá fi ṣe tán, kí n má baà fìdí rẹmi. Ẹran tí wọ́n gbé wá, ẹran ìsìnkú ni. Mo jẹ ẹ́, mo pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo lá ọwọ́. Láti ìgbà tí mo ti délé tí mo sì ti mọ̀, kíkúnlẹ̀ kí wọn nìkan ló kù láàárín èmi àti bàbá mi. Bí Màmá ṣe kú ni mo fẹ́ mọ̀ ju ohunkóhun lọ láyé yìí, àmọ́ mi ò ní tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹran dí mi lẹ́nu.

“Kà á,” ni Màmá tún wí lójú àlá. “Ibi òpin.”

“Mo ti kà á fún yín.”

“Irọ́ lo kà fún mi.” Ọwọ́ wọn kò dúró. “Ẹ̀gúsí, Àwẹ̀ró. Ìlú tí wọn ò ti mọ iṣu, o ní wọ́n se ẹ̀gúsí.”

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rín ni ì bá pa mí. “Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ náà?”

“Mo fura. Àyọ̀ká fúnra ẹ̀ ló jẹ́ kó dá mi lójú. Ó wà níbi tí mo wà. Èmi ni mò ń di irun fún un. Níbi tó ti wá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan orí ẹ̀ rí.”

Kò yà mí lẹ́nu pé ọmọ inú ìwé lè kú kó sì rí ẹni di irun fún un. Ohun tó dùn mí ni pé Màmá ń bínú sí mi.

“Kí ẹ má baà banú jẹ́ ni mo ṣe ṣe é.”

“Ta ló ní kó o bá mi yàn? Mẹ́ta ni mo sin nínú ọmọ tí mo bí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ wọ́n. Àìsàn lásán dé, o sọ mí di ọmọdé.”

“Bí ẹ̀yin náà ṣe sọ mí di ọmọdé nìyẹn.” Mo dìde, tábìlì yí, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀ yàà. “Mo jẹ ẹran ìsìnkú yín, Màmá. Mo tún bi bàbá bóyá ẹran náà ṣì kù.”

Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

“Mo rí i,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Ó bí mi nínú ju bó ṣe bí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ kan náà ni tìẹ àti ti àwọn ẹbí. O fi òpin pa mọ́ fún mi, àwọn náà fi pa mọ́ fún ẹ. Èmi ti wá béèrè tèmi. Ìwọ ńkọ́?”

Mo jókòó, mo sì kà á. Mo ka bí ọ̀kọ̀ ṣe bà á, bó ṣe fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn odi kí àwọn ọmọ yòókù lè kọjá, bí kò ṣe sí àgbàlagbà kan ṣoṣo níbẹ̀ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìbínú ni mo fi ń kà á. Omi ń bọ́ lójú Màmá, àmọ́ wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n mú èèpo kan, wọ́n há a sí ojú ewé náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí a má baà ṣi ibi tí a kà dé.

“Ó dùn mí,” ni wọ́n wí. “Ó sì yẹ kó dùn mí.”

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìró wọn. Èèpo dà sílẹ̀, mo sì jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, níbi tó ti wà láti ìgbà tí mo ti délé. Mo ṣí i. Èèpo tí Màmá há sí i nígbà Àjíǹde ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú ewé tí mo gbójú kúrò lórí rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ irọ́ gan-an ni wọ́n há a sí. Inú ṣì ń bí mi. Àlá kò pa ìbínú náà, ó kàn fi ibi tó yẹ kó lọ hàn án ni.

Bàbá mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, pákò lẹ́nu, rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dáhùn, wọ́n ń retí kí n dìde kí n máa lọ. Mi ò dìde.

“Bàbá, báwo ni Màmá ṣe kú?”

Wọ́n yọ pákò. “Àwẹ̀ró, ṣé o mọ̀ pé àgbà ti dé sí wọn. Wọ́n kàn sùn ni, wọ́n rọra—”

“Ẹ má fi ẹ̀gúsí sí i, sà.”

Wọn ò lè mọ ohun tí mo ń wí. Ṣùgbọ́n wọ́n wo ojú mi, wọ́n na ọwọ́ pa rédíò, wọ́n sì jókòó sórí àpótí tí Màmá máa ń lò.

“Wọn ò sùn,” ni bàbá mi wí. “Ọjọ́bọ̀ ni. Láti àárọ̀, ìwọ ni wọ́n ń pè.”