Aṣọ Keje

"Màmá, mẹ́rin ni mo ní kí ẹ mú. Ẹ ti mú márùn-ún."

Àlhájà Làbákẹ́ kò wo ojú Micah. Ó ti pín aṣọ mẹ́jọ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ sí ọ̀nà méjì lórí ẹní, márùn-ún lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ó ti gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti fi ahọ́n tọ́ etí wọn wò. Tirẹ̀ ti parí.

"Márùn-ún ni aró èlú," ó ní. "Mẹ́ta yòókù, kẹ́míkà ni. Ẹ̀yin lẹ ní mẹ́rin-mẹ́rin, èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ooru mú Bushrah, ọmọ ọmọ rẹ̀, lójijì. Ìmọ̀ ìṣirò ló kà ní yunifásítì, òun ló sì gbé ìdánwò náà kalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí Micah ń bá ṣiṣẹ́ n'Iléṣà fẹ́ máa ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn aláró Òṣogbo, ṣùgbọ́n ojúlówó èlú tí wọ́n fi ewé ṣe nìkan ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa yẹ aṣọ wò fún wọn. Gbogbo aláró àdúgbò ní Àlhájà ni. Micah ní kí wọ́n dán an wò ná. Bí kò bá yege, ìwé yóò jáde pé Àlhájà Làbákẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èlú àti kẹ́míkà. Obìnrin tó ti wà nídìí aró láti ọdún méjìléláàádọ́ta! Ẹ ò rí nǹkan!

"Òfin lòfin, Màmá," ni Micah wí. "Ẹ yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀."

"Ìwọ ọmọ Òṣómàáló yìí, ṣé o fẹ́ lóṣòó tì mí ni? Mo ti sọ tèmi. Yọ èyí tó bá wù ọ́."

Micah yọ èyí tó wà létí. Nínú àwọn èèyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni èwo. Inú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa ni ìdáhùn wà. Fáìzàh, ọmọdébìnrin aláró kan n'Ídó-Ọ̀ṣun, ni wọ́n ní kó rẹ aṣọ mẹ́rin sínú èlú, mẹ́rin sínú kẹ́míkà, kó sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Micah ya àpò náà. Nínú mẹ́rin tó kù lápá ọ̀tún, mẹ́ta ni ìwé pè ní èlú, ó sì pe èyí tí Micah yọ náà bẹ́ẹ̀. Ìwé ní kẹ́míkà ni ẹ̀kẹrin wọn, aṣọ keje.

"Irọ́ ni," ni Àlhájà wí.

Bushrah ṣírò ó, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó kàn ń méfò, bíi mẹ́rìnlélógún ni yóò gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin."

"Kò sì gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ ká tó gbà pé ẹnì kan mọ nǹkan," ni Micah wí. "Ó parí nìyẹn. Buwọ́ lu ìwé èsì yìí."

Bushrah mú bírò. Ojú rẹ̀ bá lọ sí ọwọ́ ìyá àgbà, tí aró ti wọ èékánná rẹ̀ tí kò sì ní kúrò mọ́ láyé. Ọwọ́ yẹn ló rán an lọ sí yunifásítì. Inú bí i sí ara rẹ̀ gidigidi.

"Bọ̀dá Micah, mi ò níí buwọ́ lù ú."

"Torí pé ìyá rẹ àgbà ni?"

"Torí pé ìṣirò yìí ò mọ̀ wọ́n rí ni. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì láàárọ̀ yìí ló ṣe mú wọn. Aláró mẹ́rìnlá ló ń gbé ẹjọ́ aṣọ wá bá wọn, kò sì sẹ́ni tó já wọn nírọ́ rí. Ṣé ká da gbogbo ìyẹn nù nítorí aṣọ kan ṣoṣo?"

"Ohun tó wà níwájú wa la ń wò, Bushrah. Bí kálukú bá ń kó ohun tó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ wọnú ìṣirò, ibo la máa bá a dé? Ìyá tèmi náà gbà pé ọbẹ̀ àwọn ló dùn jù n'Iléṣà."

Àlhájà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bushrah kò rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ẹ jẹ́ ká wá gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ọ̀kan ni pé Ìyá àgbà ò mọ èlú mọ́ lónìí. Èkejì ni pé ẹni tó rẹ aṣọ keje ló ṣàṣìṣe. Nínú méjèèjì, èwo ló rọrùn láti gbà gbọ́?"

Micah bi í pé: "Bó bá wá jẹ́ pé Màmá ló ṣì í ńkọ́?"

"Kó bá orúkọ mi lọ."

Ó yí ìwé náà sódì, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: Èlú ni aṣọ keje. Ó buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ló tó pe Fáìzàh lórí fóònù, ó sì tẹ sípíkà kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Fáìzàh, aṣọ keje, inú ìkòkò wo lo ti rẹ ẹ́?"

"Áńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kẹ́míkà tán lẹ́yìn ìkẹta. Mo bá ti èyí tó kù bọnú èlú. Mo ní gbogbo ẹ̀ náà ló ṣáà máa dúdú, ta ló máa mọ̀?"

Omi lé ròrò sójú Bushrah. Inú rẹ̀ dùn, orí rẹ̀ wú, ó ń wo ìyá rẹ̀ àgbà bí ẹni tí kò rí i rí. Micah ti bọ́ fìlà, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì.

"Màmá, ẹ foríjì mí."

"Dìde, ọmọ Ìjẹ̀ṣà." Àlhájà ń ká aṣọ keje lọ́wọ́, ó rọra ń tẹ́ etí rẹ̀ dọ́gba. "Lọ kó mẹ́jọ mìíràn wá. Lọ́tẹ̀ yìí, má sọ iye tó jẹ́ èlú fún mi."

Bushrah bú sẹ́rìn-ín. Ọdún márùn-ún ló lò ní yunifásítì, kò sì ronú kan ìyẹn. Ó fa ìwé tuntun yọ. Níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó gbé ìdánwò kalẹ̀, ó kọ "Àlhájà Làbákẹ́", ó sì kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.