Àwòrán Ẹnu Ọ̀nà Ilé Wa

Ìyá Hikmah ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó gbé kámẹ́rà sójú. Òdìkejì títì ni mo dúró sí, lẹ́bàá ibùdókọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ilé arúgbó òyìnbó tí mo ń tọ́jú. Oòrùn àárọ̀ gba àárín ilé méjì kọjá, ó sì bọ́ sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé wa bí ẹni pé ẹnìkan da epo pupa sí bíríkì lára. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni Mísbáù wà, súpà ilé wa, ẹni tó ń tún ilé ṣe tó sì ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn ayálégbé lọ sí ọ́fíìsì. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Níwájú rẹ̀ ni obìnrin náà kúnlẹ̀ sí, pẹ̀lú ìborùn funfun, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà lórí yìnyín tó ti ń yọ́.

Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Mi ò ní parọ́. Mísbáù kò tíì pé ogójì ọdún, Ìyá Hikmah sì ti lé ní ọgọ́ta. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ yà á ná. Nígbà tí mo fi máa sọdá títì, Mísbáù ti wọlé, Ìyá Hikmah sì ń gbọn omi yìnyín kúrò lára yẹ̀rì rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Oyíndà mi, o káre. Ṣé arúgbó rẹ yẹn jẹ́ kó o rójú oorun?"

Kò sọ ohun tó ń ṣe nílẹ̀. Èmi náà ò béèrè.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ya Highbridge, àdúgbò wa ní Bronx. Mo ti ya ọkùnrin tó máa ń gé máńgò bí òdòdó, mo ti ya àwọn àtẹ̀gùn gígùn tó so títì òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, mo ya ṣọ́ọ̀bù onídìrí kó tó di ilé ìfọṣọ. Àwọn ìwé ìtàn tí mo ń yá ní láíbírì ló kó sí mi lórí. Nínú wọn, kò sí àdúgbò tó kéré jù láti rántí.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Andrew, mánéjà ilé-iṣẹ́ tó ni ilé wa, rí àwọn àwòrán mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn fẹ́ tún ẹnu ọ̀nà ṣe, àwọn sì fẹ́ kí ìtàn àdúgbò wà lára ògiri. Ó ní ojú mi ríran. Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ó mú méjìlá, ó ní èyí tí Ìyá Hikmah wà nínú rẹ̀ ni yóò tóbi jù, òun ni yóò kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbí?" ó bi mí.

"Ìkíni ni," mo ní. "Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ara wa nìyẹn."

Ohun tó ní kí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyẹn: Ọ̀wọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Hikmah kan ilẹ̀kùn mi. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì tú bàtà.

"Oyíndà, wọ́n ní mi ò gbé ilé yìí."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀, mà?"

"Mísbáù ni. Ó sọ ní ọ́fíìsì pé ọ̀dọ̀ Hikmah ní Houston ni mò ń gbé, pé ìgbà tí Àlàájì ọkọ mi kú ni mo sáré wá jókòó ti ilé. Orúkọ Àlàájì nìkan ló wà nínú ìwé ilé. Bí mo bá lè fi hàn pé a jọ gbé ibẹ̀ ni, wọn ò lè lé mi. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó lọ sọ òótọ́, ó ní kí n lọ wá nǹkan dání kí n tó wá bá òun. Mísbáù o! Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ ìṣínu lọ bá a nígbà ààwẹ̀, lọ́dún tó dé tí kò mọ ẹnì kankan." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. "O máa ń yà wá lójú fèrèsé, àbí? Àlàájì á ní, 'Sún mọ́ mi, ọmọ yẹn tún ti dé, kó má lọ yà mí bí àpọ́n.'"

"Mo rántí, mà."

"Lọ́jọ́bọ̀ ni kóòtù, aago mẹ́wàá. Lọ́yà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún mi sọ pé àwòrán nìkan ò tó, kí ẹni tó yà á wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"N óò wá, mà."

Mo rí mọ́kàndínlógún nínú àwọn àwòrán mi. Àwọn méjèèjì wà lójú fèrèsé nígbà òtútù, wọ́n wà níbẹ̀ nígbà ooru. Nínú ọ̀kan, ó ń bó ọsàn, Àlàájì sì la ẹnu bí ọmọdé.

Lọ́jọ́rú, Andrew pè mí pé ọ̀la ni wọ́n máa gbé àwọn àwòrán kọ́, ní aago mẹ́wàá, pé kí n wà níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ dé kóòtù. Ó bi mí pé kóòtù wo. Mo sọ fún un.

"Bó o bá rí i pé ibẹ̀ ló yẹ kó o wà, kò burú," ó ní. "Àwọn mìíràn náà ń ya àwòrán ní Bronx."

Mo fi àwòrán mọ́kàndínlógún náà ránṣẹ́ sórí fóònù Ìyá Hikmah, mo sì fi àdúrà gígùn kún un.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, mo di àkàsọ̀ mú fún Mísbáù, ó ń kan ìṣó.

"Ṣé ó ti gún?" ó bi mí.

"Gbé apá òsì sókè díẹ̀."

Fóònù dún nínú àpò mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Doyin, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló bá Ìyá Hikmah lọ. Òun ló sọ fún mi pé lọ́yà ilé-iṣẹ́ béèrè pé ta ló ya àwọn àwòrán náà, níbo lẹ́ni náà wà, àti pé Ìyá Hikmah ń bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn títí adájọ́ fi ní ó tó. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń wo ara ògiri.

"Ọ̀wọ̀," ó kà á. "Oyíndà, ta ló ń bọ̀wọ̀ fún ta níbí?"

Kò dúró gbọ́ èsì.

Nínú oṣù kẹjọ ni Ìyá Hikmah kó jáde, pẹ̀lú báàgì méjì àti kẹ́tùlù àlùwàlá Àlàájì. Houston ló ń lọ, níbi tí wọ́n ní ó ń gbé tẹ́lẹ̀. Mísbáù di ilẹ̀kùn mú fún un. Ìyá Hikmah dúró níwájú àwòrán náà pẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí onímọ́tò fi fun fèrè.

"O yà mí dáadáa," ó ní. "Ìborùn mi ò tiẹ̀ yẹ̀. Ṣé o mọ ọjọ́ tó o yà á?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kó o fún mi ní ẹ̀dà kan. Bí wọ́n bá tún ní mi ò gbé ibí rí, n óò ní nǹkan tí mo máa fi hàn wọ́n."

Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ṣàdúrà pé Ọlọ́run á gbé iṣẹ́ mi ga, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rọra ń gbé orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. Ìgbà tí mọ́tò ti yà sí kọ̀nà ni mo rí i pé látìgbà tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀, orí ìdúró ni mo wà. Mi ò kúnlẹ̀.