Òkùnkùn Tó Ṣáájú Ìmọ́lẹ̀

Obìnrin ayàwòrán náà ti ya oòrùn, ó ti ya òṣùpá. Ẹja ti ń lúwẹ̀ẹ́ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, Ádámù pàápàá ti jókòó sábẹ́ igi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ohun tó kù kò ju apá kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà: òkùnkùn tó wà kí Ọlọ́run tó ní kí ìmọ́lẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kùn ún ní dúdú, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pa á rẹ́. Bó bá ti kùn ún tán, ògiri á kàn dà bí ìdí ìkòkò.

Pásítọ̀ ní, “Òkùnkùn sáà ni. Kí ló tún ṣòro níbẹ̀?”

Ayàwòrán ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ. Ojú olójú kì í kúkú jọ ojú ẹni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó gba ilé lọ bá bàbá rẹ̀. Wẹ́dà tó ń jó irin mọ́ irin ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Iná iṣẹ́ náà ló jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ríran mọ́. Ó jókòó nídìí fèrèsé, ó ń ká aṣọ, ó ń fi àtàǹpàkò wá ojú rírán wọn.

“Bàbá mi, báwo ni òkùnkùn ṣe rí?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Látìgbà tí mo ti fọ́jú, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. ‘Ẹ pẹ̀lẹ́’ ṣáá ni wọ́n ń kí mi.” Ó gbé ojú sókè. “Kò dúdú o. Ó ń mí, bí omi tí atẹ́gùn rọra ń fẹ́ lé lórí. Ó máa ń pọ́n díẹ̀ nígbà míì. Kò sì ṣófo rárá. Àfi bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú yàrá, tí kò tíì sọ̀rọ̀.”

“Ẹ̀rù kì í bà yín?”

“Ó bà mí lọ́dún àkọ́kọ́. Òkùnkùn náà ti mọ̀ mí báyìí.”

Ọmọbìnrin náà gba aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fa bàbá lọ́wọ́, ó di ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ń rìn káàkiri inú ilé tó ṣófo náà bí ohùn ẹni tó ń rọ́ àlá, ọwọ́ ọmọ sì ń tẹ̀ lé e. Ó po ọ̀dà aró mọ́ pupa, ó fi eérú díẹ̀ sí i. Kò mọ ìgbà tí òun náà di ojú. Nígbà tó là á, ògiri ti jìn lọ níwájú rẹ̀ bí omi òkun.

Bàbá dìde, ó ń táràrà bọ̀.

“Bàbá, ọ̀dà ò tíì gbẹ!”

Àtẹ́lẹwọ́ bàbá ti balẹ̀ sáàárín òkùnkùn náà.

Bí Pásítọ̀ ṣe wọlé nìyẹn. “Ta ló fọwọ́ kàn án?”

“Èmi ni, ẹ má bínú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń mí ni.”

Pásítọ̀ dúró síwájú ògiri, ó tẹjú mọ́ àmì àtẹ́lẹwọ́ náà. “Kí ìmọ́lẹ̀ tó wà,” ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, “ọwọ́ Rẹ̀ ti wà níbẹ̀.” Ó ní kí wọ́n má pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá ìjọ kóra jọ síbẹ̀.

“Ọwọ́ Ọlọ́run mà kéré o,” ni ọ̀kan wí.

“Ó kéré lóòótọ́,” èkejì fèsì, “ṣùgbọ́n òun ló dá ìwọ tó o tóbi yìí.”

Bàbá jókòó lẹ́yìn wọn, ó fi ọwọ́ yẹn bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á nínú.