Ọmọ Iṣẹ́ Tó Ń Sùn

Èmi ni mo mú àbúrò ìyàwó mi obìnrin wọ ilé iṣẹ́ omi wa. Ẹ gbọ́ o, èmi fúnra mi! Kó tó pé ọdún kan, ọ̀gá wa tó fẹ́ fẹ̀yìn tì kò rí ẹlòmíràn pè mọ́ àfi òun. Bẹ́ẹ̀, ipò olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tí ọ̀gá fẹ́ fi sílẹ̀ ni mo ti ń fojú sọ́nà fún tipẹ́. Mo ń jowú ọmọbìnrin náà, n kò ní purọ́.

Nínú kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà, àwọn ètò kéékèèké kan wà tí à ń pè ní ọmọ iṣẹ́. Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Ọmọ iṣẹ́ tí èmi kọ kì í sinmi: ìgbà gbogbo ló ń yọjú wò bóyá ọ̀rọ̀ ti dé. Ti àbúrò ìyàwó mi ń sùn ni. Bí ẹnì kan bá ju ọ̀rọ̀ sínú àpótí rẹ̀, onítọ̀hún á kanlẹ̀kùn, ọmọ iṣẹ́ náà á sì jí.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo ọ̀lẹ!" ni mo wí, mo nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "Oorun ló ń sùn."

"Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ kankan ò tíì wọlé ni," ni àbúrò ìyàwó mi fèsì jẹ́jẹ́. "Kí ló fẹ́ jí ṣe?"

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí wọra.

Mo padà sórí àga mi. Ṣé ọ̀rọ̀ ló ń wá? Yóò rí ọ̀rọ̀ jẹ yó! Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tèmi da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ sínú àpótí náà, kí ti àbúrò ìyàwó mi lè dákú lójú ọ̀gá. Àmọ́ ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Tiẹ̀ kò dákú, ó ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Àpótí ló kún, tí tèmi kò rí ibi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí mọ́. Ló bá sùn, ó ń retí kí ti ọmọbìnrin yẹn mú ọ̀rọ̀ kan kúrò, kó wá jí i pé àyè ti wà.

Ọ̀gá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ta ló ń sùn síbẹ̀ yẹn? Ta ló da gbogbo èyí síbẹ̀?"

Orúkọ mi ló wà lára ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn náà gàdàgbà.

Àbúrò ìyàwó mi wojú mi. "Èmi ni mo bẹ Bọ̀ọ̀dá, sà. Mo ní kí wọ́n bá mi dán an wò, bóyá á lè gbẹ́rù."

Ó bò mí láṣìírí. Kí n dúpẹ́? Ṣe ni owú náà tún gbóná sí i.

Ọ̀gá gbá mi léjìká. "Irú ìfẹ́ tí mo ń wá nìyí! Òun ló máa gba ipò mi. Láti ọ̀la, ìwọ ni igbákejì rẹ̀."

Bí mo bá kọ̀, mo ní láti sọ ìdí. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, Bọ̀ọ̀dá," ni ọ̀gá mi tuntun wí, ó sì kúnlẹ̀.