Korobá Tó Dojúdé Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyàwó

Òtútù bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, Ìyàwó ti dùbúlẹ̀.

Ìyàwó kì í ṣe ènìyàn o. Abo ẹṣin aláwọ̀ eérú ni. Bàbá mi ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí pé ó máa ń tẹrí ba tó bá ń rìn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé ọkọ. Òun ló dàgbà jù nínú ẹṣin mẹ́sàn-án tó wà nínú ọgbà tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ẹṣin gígùn. Bàbá ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń darí rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé ẹṣin àti ti yàrá oúnjẹ ẹṣin ṣì wà lọ́rùn Bàbá, lórí okùn bàtà dúdú kan tó ti wà níbẹ̀ kí n tó gbọ́njú.

Èmi ni dókítà ẹranko wọn. Kí n yáa sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: mo máa ń tètè bínú. Lọ́dọọdún, kí òtútù tó wọlé, mo máa ń tẹ ìwé olójú kan fún gbogbo ẹni tó ní ẹṣin ládùúgbò. Ohun tó wà níbẹ̀ kò le rárá. Ẹ jẹ́ kí omi wọn lọ́wọ́ọ́rọ́, torí ẹṣin kì í mu omi tó tutù bíi yìnyín ní àmutẹ́rùn. Ẹ wọ́n omi sí koríko gbígbẹ wọn, kí ẹ sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí oúnjẹ wọn kí òùngbẹ lè máa gbẹ wọ́n. Ẹṣin tó bá ń jẹ koríko gbígbẹ láìmu omi, oúnjẹ á dì sí ìfun rẹ̀ bíi sìmẹ́ǹtì.

Bàbá gba ìwé náà, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń fún àwọn ẹṣin ní omi ẹ̀rọ bó ṣe ń jáde. "Ẹṣin kì í mu tíì," ni wọ́n wí.

Nígbà tí mo débẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, Ìyàwó ti tún dìde. Ó ń fi pátákò walẹ̀, ó ń yíjú wo ikùn ara rẹ̀, òógùn sì ti bo ọrùn rẹ̀ nínú òtútù. Mo fetí sí ìhà rẹ̀. Inú ẹṣin tí ara rẹ̀ dá kì í dákẹ́, á máa kùn ṣáá ni. Ti Ìyàwó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Bàbá, omi wo lẹ fún un láti ọjọ́ Ajé?"

"Omi."

"Mo ní omi wo?"

"Ṣé omi méjì ló wà ni? Omi tí Ọlọ́run dá."

Inú bí mi. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ fún bàbá rẹ̀. Mo ní tí wọn kò bá lè ka ìwé, kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa kà á fún wọn. Bàbá mọ̀wé kà dáadáa, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mi ní a, b, d. Wọ́n gbé kẹ́tùlù, wọ́n sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti lọ se omi tí mo nílò.

Àbúrò mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, ṣé ẹ rí nǹkan tí mò ń sọ báyìí? Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi géètì sílẹ̀ gbayawu, ẹṣin méjì jáde sí títì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ ẹṣin tó ti kú ni wọ́n fi ń pe èyí tó wà láàyè. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń gun àwọn ẹṣin yìí o. Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, mo máa gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́rùn wọn, wọn ò sì ní wọ ibí mọ́."

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, Bàbá kò ní ibòmíràn tí wọ́n ń lọ. Tí a bá gba ilé ẹṣin lọ́wọ́ wọn, àga iwájú ilé ló kù, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ibùsùn. Síbẹ̀, inú ṣì ń bí mi, n kò sì gbè wọ́n.

"O mọ bó o ṣe máa ṣe é," ni mo wí.

Mo gún Ìyàwó lábẹ́rẹ́ tó máa ń pa ìrora. Mo ti rọ́bà gígùn gba ihò imú rẹ̀ dé inú ikùn, mo sì da omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́, iyọ̀ àti òróró gba inú rẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ara rẹ̀ balẹ̀, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kù ni kí ó yàgbẹ́. Títí dìgbà yẹn, oúnjẹ kankan kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀.

Mo sọ fún àbúrò mi. Nígbà tí Bàbá dé pẹ̀lú kẹ́tùlù kejì, n kò sọ fún wọn. Èmi pẹ̀lú wọn ṣì ń bára wa yan odì. Mo kàn dojú korobá dé lẹ́nu ọ̀nà Ìyàwó, bí a ti máa ń ṣe nílé ìwòsàn ẹranko tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, korobá tó bá dojúdé, kí ẹnikẹ́ni má fún ẹran náà lóúnjẹ. Mo wọ ọkọ̀ mi, mo lọ wo màlúù kan tó ń rọbí.

Aago méjìlá ku díẹ̀ ni fóònù mi dún. Àbúrò mi ni.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀! Bàbá ti fún un lóúnjẹ!"

N kò mọ bí mo ṣe wa ọkọ̀ débẹ̀. Ìyàwó ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ó ń forí gbá ògiri. Ọkà àti èérí àgbàdo tó ti wú ṣì wà létí ọpọ́n ìjẹun rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń bà mí lẹ́rù: ẹṣin kì í bì. Tí ìsàlẹ̀ bá dí, tí oúnjẹ tún wọlé lókè, kò sí ọ̀nà àbájáde. Ikùn á máa wú ni títí á fi bẹ́. Tó bá sì ti bẹ́, kò sí dókítà kankan tó lè rí i ṣe. Ọkàn ẹṣin tó dúró jẹ́ẹ́ kì í lù ju ogójì lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ti Ìyàwó ti lé ní ọgọ́rin.

"Gbé e dìde! Di orí ẹ̀ mú!"

Àbúrò mi fi gbogbo agbára fà á títí ó fi dìde. Mo ti rọ́bà bọ imú rẹ̀. Ó ju orí sókè, ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lójú. Mo gbé etí rọ́bà sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo gbọ́ èémí: ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló gbà. Mo fà á jáde. Mo tún tì í. Èémí ni lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń bú ara mi wúyẹ́wúyẹ́.

Lẹ́yìn mi, àbúrò mi ń pariwo láìfi orí ẹṣin náà sílẹ̀.

"Dókítà ní kẹ́ ẹ má fún un ní nǹkan kan! Kí ló dé tẹ́ ẹ fún un?"

"Mo rí korobá," ni Bàbá wí. "Ó dojú..."

"Korobá wo? Ta ló ń sọ ti korobá? Wọ́n sọ ọ́! Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ!"

Bàbá fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn wọn. Nígbà tí wọ́n tún máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti wálẹ̀ pátápátá.

"Ó lè jẹ́ pé ó sọ fún mi. Mi ò rántí ni. Ó lè jẹ́ pé ó sọ ọ́."

Etí mi gbọ́ ọ, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mo ti rọ́bà nígbà kẹta, Ìyàwó gbé e mì, mo rí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Atẹ́gùn kíkan tú jáde fùùù, ọkà tó ti rọ̀ sì tẹ̀lé e. Mo da omi sí i, mo tún jẹ́ kó dà jáde, léraléra, títí ohun tó ń jáde fi mọ́. Ìlù ọkàn rẹ̀ wálẹ̀ sí àádọ́rin, ó tún wálẹ̀ sí ọgọ́ta. Ó mí kanlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbójú sókè. Bàbá ti bọ́ okùn bàtà náà lọ́rùn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n bọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n nà án sí àbúrò mi, ó sì gbà á. Àwọn òbí mẹ́ta tó mú ọmọ wá kẹ́kọ̀ọ́ dúró létí ọgbà, wọ́n ń wò wá.

Mo wo òdìkejì. Lẹ́nu ọ̀nà ọmọ ẹṣin pupa tí kò tíì jẹun láti àárọ̀, korobá kan dojúdé.

Mo rántí ara mi ní ọmọ ọdún méje, tí Bàbá di ọwọ́ mi mú, tí à ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹṣin yìí. "Tó o bá rí korobá tó dojúdé, onítọ̀hún ò tíì jẹun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ni kó fún un." Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà yẹn. Àbúrò mi ti gbé pátákó àti ṣọ́ọ̀kì wá láti máa fi kọ ẹṣin tó ti jẹun, òun ti gbàgbé. Èmi náà ti lọ ilé ìwé títí mo fi gbàgbé. Bàbá nìkan ni kò gbàgbé.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ.

Kí n má purọ́, mo rò ó wò pé kí n dákẹ́. Àwọn òbí yẹn ń gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iwájú gbogbo àwọn ẹlẹ́ṣin ni mo ti máa sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ẹṣin lásìkò òtútù. Bàbá ti gbà á sọ́rùn ara wọn, ọ̀rọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Ojú tì mí pé irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

"Bàbá ò gbàgbé nǹkan kan," ni mo wí. Mo tún pariwo rẹ̀ kí àwọn òbí yẹn lè gbọ́. "Bàbá ò gbàgbé nǹkan kan!"

"Àǹtí, ẹ má gbè wọ́n."

"Mi ò gbè wọ́n. Ti géètì, àwọn ni. Ti òní, èmi ni. Ta ló dojú korobá yìí dé? Èmi ni. Kí ni korobá tó dojúdé túmọ̀ sí nílé yìí?"

Àbúrò mi wo korobá Ìyàwó, ó wo ti ọmọ ẹṣin pupa.

Bàbá sún mọ́ mi. "O ò sọ fún mi?"

"Mi ò sọ fún yín, Bàbá. Inú ń bí mi ni."

"Ṣé ó dá ẹ lójú? Má tìtorí àánú purọ́ fún mi o."

"Ó dá mi lójú."

Wọ́n jókòó lórí korobá náà.

"Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti pariwo lé mi lórí ni mo ti ń wá a. Mò ń wá ibi tó o dúró sí tó o fi sọ ọ́, mò ń wá bójú ẹ ṣe rí. Mi ò rí i. Mo ní ó ti tán nìyẹn, orí mi ti lọ."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, nínú omi àti èérí, mo ní kí wọ́n forí jì mí. Ìgbà yẹn ni Ìyàwó gbé ìrù sókè lẹ́yìn wa, ó sì ya ìgbẹ́ mẹ́ta tó le bí òkúta, tí òróró ń dán lára wọn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tuntun. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún.

Bàbá na ọwọ́ sí àbúrò mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún wọn, ó sì tẹrí ba kí wọ́n lè fi í kọ́rùn láìwo ojú òun. Wọ́n dìde, wọ́n yí korobá padà, wọ́n da omi kẹ́tùlù sínú rẹ̀, wọ́n bu ti ẹ̀rọ lé e, wọ́n sì ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́ wò.

"Ó lọ́ tó?" ni wọ́n bi mí.

"Ó lọ́ tó, Bàbá."

Ìyàwó ki ẹnu bọ omi. Bàbá dúró tì í, ọwọ́ wọn wà lọ́rùn rẹ̀, wọn kò sì wo ẹ̀yìn.

"Nígbà mìíràn," ni wọ́n wí, "tínú bá ń bí ẹ sí mi, ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀."