Ẹni Tó Fín Ẹ̀gbà Náà

Oṣù mẹ́rin gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi fín ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà yẹn. Ewé méjìlélọ́gọ́ta ló wà lára rẹ̀, èyí tó tóbi jù kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ló ń fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yege ní ìwé àṣẹ láti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà láti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń retí rẹ̀. Ìwé àṣẹ tí ọ̀gá rẹ̀ ń lò, ti bàbá ọ̀gá náà tó ti kú ni, àkókò rẹ̀ sì ti ń tán lọ. Ọ̀gá ní òun á bá a gbé ẹ̀gbà náà lọ. Ó gbé e lọ lóòótọ́. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sí i!

Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbọ́ báyìí, ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ló kàn. Ọ̀gá ti jókòó síbẹ̀. Ìyá àgbà tó ń yẹ iṣẹ́ wò, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Awò, wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, mà," ni mo wí. "Ẹrù olè ló wà lórí tábìlì yín."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, mà. Ìwé ló kà jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, aṣọ ló fi ń nu nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Fún ọdún mọ́kànlá? Irú aṣọ wo nìyẹn?"

"Ẹnu ẹ mú ju irin ìfín lọ, ìwọ ọmọ yìí."

Màmá Awò ti awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá bọ ojú kan, ó ń yí ẹ̀gbà náà díẹ̀díẹ̀. "Ẹni tó fín èyí, ọwọ́ òsì ló fi mú irin," ló wí.

Ó ṣàlàyé fún mi. Tí wọ́n bá ń fín ibi tó yípo, irin kì í rìn. Ọwọ́ kan á dì í mú, ọwọ́ kejì á máa yí àpò awọ oníyanrìn tí ẹ̀gbà wà lórí rẹ̀. Irin á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn á sì jinlẹ̀ jù. Ti ọlọ́wọ́ òsì máa ń yàtọ̀ sí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ewé méjìlélọ́gọ́ta, kò sí ẹyọ kan tó ya ọ̀tọ̀. Ọ̀tún ni ọ̀gá ń lò, òsì sì ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò. Ó dùn mí pé mi ò rí i, èmi tí mo pe ara mi ní atúdìí-àlọ́!

"Ọwọ́ méjèèjì ni mo ń lò," ni ọ̀gá wí.

Màmá Awò ti bàbà pẹlẹbẹ kan sí i. "Ẹ fi òsì fín ewé kan fún mi."

Irin yọ̀ ní ìdajì ewé, ó sáré kọjá lórí bàbà, ó gún un ní àtàǹpàkò ọ̀tún.

"Yéè!"

"Ẹ gba aṣọ," ni Màmá Awò wí. "Ẹ fi nù ún."

Mo rò pé ó ti parí. Kò parí. Ìyá náà dijú, ó ní òfin ni òfin: iṣẹ́ tí wọ́n bá fi orúkọ ẹlòmíràn mú wá, ó ti bàjẹ́. Òní sì ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n ń gba iṣẹ́; kí ẹ̀gbọ́n mi padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

"Ẹni tí wọ́n jà lólè lẹ tún ń fìyà jẹ!" Mo gbá tábìlì. "Kí ló ṣe? Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò wo ibi tí mo wà. "Mà, aago mélòó lẹ ń tìlẹ̀kùn?"

"Márùn-ún."

"Mi ò sí lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ láti ìsinsìnyí. Mi ò sì tíì mú nǹkan kan wá lórúkọ ara mi lọ́dún yìí."

Màmá Awò wo aago ara ògiri. Mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó sì ti fàdákà pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó mú irin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ máa gbà kí ọkùnrin yìí kàn—"

"Dákẹ́, àbúrò. Ò ń mi tábìlì."